Kábọ́ọ̀nù Olówó Pọ́ọ́kú Lára Kẹ̀kẹ́: Èyí Tí A Lè Rà àti Èyí Tí Ó Yẹ Ká Sá Fún

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gun kẹ̀kẹ́ eré-ìje ní Òkè-Ìlá àti káàkiri Adó-Èkìtì, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ti wá bá yín pé òun fẹ́ ra kábọ́ọ̀nù. Orí fóònù ni yóò ti fi hàn yín: ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúdú tó ń dán, tí ara rẹ̀ dà bí ẹní tí wọ́n hun, tí owó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi dọ́là 40 lọ. Irú rẹ̀ tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá lára lè tó dọ́là 300. Ọmọ á ní bákan náà ni àwọn méjèèjì rí. Bàbá ò ní mọ ohun tí yóò fi fèsì, torí pé òun náà kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù. Bí kò bá fẹ́ kí ọmọ bínú, á ní kó rà á. Bí kò bá fẹ́ náwó, á ní fàbú ni gbogbo rẹ̀.

Ìdáhùn méjèèjì yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn. A bi àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, a ra díẹ̀ nínú àwọn ohun èlò olówó pọ́ọ́kú náà, a gbé wọn sórí ìwọ̀n, a dì wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́, a sì gùn ún. Ohun tí a rí dì mú ni pé kì í ṣe iye owó nìkan ló yẹ ká bèèrè. Ibi tí ohun náà máa wà lára kẹ̀kẹ́ ló ṣe pàtàkì jù, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bí ó bá ṣẹ́.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Èédú tí àwọn ìyá wa fi ń yan àgbàdo, kábọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ jẹ́ ẹbí èédú, ṣùgbọ́n okùn ni. Wọ́n á mú okùn oníke kan tó tín-ín-rín gidigidi, wọ́n á fi iná tó gbóná kọjá àlà sun ún níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè ráyè wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń sun èédú ṣe ń fi iyẹ̀pẹ̀ bo igi mọ́lẹ̀ kó má baà jó di eérú. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn iná ni okùn kábọ́ọ̀nù. Bí a bá to nǹkan bíi 10 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò ju ìbú irun orí kan ṣoṣo lọ. Akio Shindo, ọmọ ilẹ̀ Japan, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí han ayé ní 1961. Láàárín ọdún bíi mélòó kan sí i, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Farnborough, níbi tí ìjọba wọn ti ń ṣèwádìí nípa ọkọ̀ òfuurufú, rí i ṣe débi tó fi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Okùn yìí lágbára bí a bá fà á gbọọrọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, kò lágbára kankan. Ẹni tó bá ti la ọparun rí á mọ ohun tí à ń wí: ọparun kì í tètè ṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan péré ti tó láti là á gba òró rẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù líle tẹ́ okùn náà sí pẹlẹbẹ bí aṣọ, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á wá máa fi ọwọ́ to ó léra wọn, ọ̀kan lóròó, ọ̀kan níbùú, ọ̀kan ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí ìyá ṣe ń fi ewé mọ́ínmọ́ín kejì dábùú ti àkọ́kọ́ nìyẹn, kí ibi tí ọ̀kan bá ti ya, kí èkejì dí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó o sínú ohun tí wọ́n fi ń mọ ọ́n, wọ́n á fẹ́ bàlúù sínú rẹ̀ kó lè fún gbogbo ewé náà mọ́ ara wọn, wọ́n á sì fi iná sè é títí gọ́ọ̀mù yóò fi gan.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó ń tò ó bá ń kánjú, ewé kan lè ká kò. Bí bàlúù kò bá fún un dáadáa, ihò afẹ́fẹ́ á wà láàárín ewé kan sí èkejì. Ẹni tí kò fẹ́ náwó lè yọ ewé méjì kúrò níbi tó yẹ kó nípọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, wọ́n á fi ewé kan tí ó lẹ́wà, tí a hun, bo òkè rẹ̀, wọ́n á sì kùn ún ní fáníìṣì. Ohun tó ń dán lójú ọmọ yín lórí fóònù, ewé ìkẹyìn yẹn ni. Kì í ṣe òun ló ń gbé ẹrù.

A kò sọ pé gbogbo èyí tí kò wọ́n ni kò dára o. Okùn náà fúnra rẹ̀ kọ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó. Owó orúkọ wà níbẹ̀, owó ìpolówó wà níbẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún àwọn eléré ìdárayá kí wọ́n lè gùn ún náà wà níbẹ̀. Xiamen àti Dongguan ní ilẹ̀ China àti erékùṣù Taiwan ni ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ kábọ́ọ̀nù ayé yìí ti ń wá, olówó ńlá àti olówó kékeré. Nítorí náà, ẹni tó bá rí ojúlówó rà ní owó pọ́ọ́kú kò purọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú.

Àwọn bàbá wa tó gun Raleigh ní ilẹ̀ Èkìtì yìí, nígbà tí olùkọ́ àti oníkòkó ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe fáàrí, irin ni wọ́n gùn. Irin wúwo, gbogbo wa la mọ̀, ṣùgbọ́n irin máa ń kìlọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò, fọ́ọ̀kì lè wọ́. Wọ́n á gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó sì máa ń nà án padà. Kábọ́ọ̀nù kì í wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ìyà lónìí, kó tún gba ti ọ̀la, kí ìlà kékeré máa gùn sí i nínú rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, kí ó wá ṣẹ́ lójijì lọ́jọ́ tí kò sí kòtò kankan lójú ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ yín á rántí ọkọ̀ abẹ́ omi Titan, tó run wómúwómú nínú òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tó ń gbé èèyàn lọ wo àwókù ọkọ̀ Titanic. Àwọn 5 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, Shahzada Dawood, oníṣòwò tí ìdílé rẹ̀ wá láti Pakistan, àti ọmọ rẹ̀ Suleman, ọmọ ọdún 19, sì wà lára wọn. Kábọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ lẹ́yìn náà pé àwọn rí ibi tó ká kò àti ihò afẹ́fẹ́ láàárín àwọn ewé rẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ti lọ sísàlẹ̀ òkun, ó ti padà bọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdajì ìwúwo bàlúù Boeing 787 jẹ́ irú ohun èlò yìí kan náà, ojoojúmọ́ ló sì ń gbé èèyàn kọjá lórí wa. Kábọ́ọ̀nù kọ́ ló jẹ̀bi. Àwọn tó ń ṣe bàlúù ní ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo inú rẹ̀, bí èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ní ọsibítù. Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dọ́là 40?

Ìlànà àgbáyé kan wà fún ààbò kẹ̀kẹ́, ISO 4210 ni orúkọ rẹ̀. Lára ohun tó là sílẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè sódò ní ìgbà 100,000 láìjẹ́ pé ó sán. Bí ẹni tó ń tà á bá lè fi ìwé àyẹ̀wò yìí hàn, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó lè tẹ ayédèrú orúkọ ilé-iṣẹ́ sára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè tẹ nọ́ńbà yìí náà sí i.

Ní tiwa, ohun mẹ́ta ni a kò ní fi kábọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú ṣe láéláé: ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọrùn rẹ̀ (ìyẹn èyí tó so ọwọ́ mọ́ fọ́ọ̀kì), àti fọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ẹ wo irú ilẹ̀ tí a ń gbé. Òkè ni Èkìtì. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Adó lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè mọ̀ pé bí òkè bá ti tán, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù. Kẹ̀kẹ́ eré-ìje lè sáré tó kìlómítà 60 ní wákàtí kan níbẹ̀ láìwa pẹ́dà rárá. Eré yẹn ju mítà 16 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ṣẹ́ lórí eré bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ máa dì mú mọ́. Bí fọ́ọ̀kì bá ṣẹ́, ojú ló máa fi gúnlẹ̀. Ẹ́límẹ́ẹ̀tì pọn dandan, ṣùgbọ́n ẹ́límẹ́ẹ̀tì kò bo ọrùn àti eyín.

Ríìmù ni ìkẹrin, fún àwọn tí bíréèkì wọn ṣì ń fún ríìmù mọ́ra. Bí a bá ń di bíréèkì mú títí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ríìmù á gbóná. Alumíníọ̀mù á gba ooru náà, á sì fẹ́ ẹ dànù. Kábọ́ọ̀nù kì í fẹ́ ooru dànù bẹ́ẹ̀, nítorí náà gọ́ọ̀mù tó so ewé rẹ̀ pọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ríìmù wú tàbí kó ya. Nínú òjò, bíréèkì kì í tètè mú lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní bíréèkì dísìkì bọ́ lọ́wọ́ ewu ooru yìí, torí pé ríìmù kọ́ ni bíréèkì rẹ̀ ń dì mú. Àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lo ríìmù alumíníọ̀mù lórí òkè Èkìtì.

Èyí tí a lè rà wà. Ohun tí wọ́n ń há ike omi sí la fi bẹ̀rẹ̀, torí bí ó bá kán, ike omi ló máa já bọ́. Èyí tí a rà kò tó gíráàmù 30, àlòkù alumíníọ̀mù tí a yọ kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ó di ike omi mú dáadáa lórí ọ̀nà tó ní kòtò, a kò sì rí àléébù kan sọ nípa rẹ̀. Àwọn òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tò sí abẹ́ ọrùn kẹ̀kẹ́ náà kò léwu. Ọ̀pá ìjókòó ló wà láàárín méjì. Bí ó bá ṣẹ́, ó lè ṣe èèyàn léṣe gidi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ sì wà lórí pẹ́dà. A gbà á fún ẹni tí kò sanra, tó bá jẹ́ pé ọ̀pá náà wọlé kọjá ìlà tí wọ́n fà sí i, tí a sì ń yọ ọ́ yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Àǹfààní kan tí a fi ara wa rí ni pé ó máa ń gba gbígbọ̀n ọ̀nà díẹ̀ mọ́ ìdí lọ́wọ́. Ní ọ̀nà tiwa yìí, èyí ju fífúyẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ yìí ni àwọn ọmọ ń tẹnu mọ́ jù, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù sábà máa ń wà ní nǹkan bíi gíráàmù 300, ti kábọ́ọ̀nù ní nǹkan bíi 200. Ká ní ọmọ yín ra oríṣiríṣi, tí gbogbo rẹ̀ wá fi gíráàmù 200 dín ìwúwo kẹ̀kẹ́ kù. Bí òun àti kẹ̀kẹ́ bá jẹ́ kílò 80, ìdá kan nínú 400 ló dín kù. Òkè tó ń gba ìṣẹ́jú 20 láti gùn, ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré ni yóò fi yá sí i. Ẹni tó bá tọ̀ kó tó kúrò nílé lè ti dín ju bẹ́ẹ̀ lọ kù, kò sì ná kọ́bọ̀. Bí owó bá wà, táyà tó dára, ṣéènì tó mọ́ àti bíréèkì tuntun á wúlò fún ọmọ yín ju kábọ́ọ̀nù lọ.

A kò fi èyí bú àwọn ọ̀dọ́. Ohun tó ń wù wọ́n kò burú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní Rwanda gba ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú pópó àgbáyé lálejò, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 2024, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Tour de France. Ọmọ wa náà wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn: Ese Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Paris. Eré ojú pópó ló bá lọ. Nígbà tí ààyè ṣí sílẹ̀ lójijì fún un láti kópa nínú eré inú pápá, kò ní kẹ̀kẹ́ irú rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní tiwọn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Bí ẹni tó dé Òlíḿpíìkì bá lè wà láìní kẹ̀kẹ́ tó yẹ, kí ni ká retí lọ́dọ̀ ọmọ Òkè-Ìlá tí bàbá rẹ̀ ń san owó ilé-ìwé? Àìní yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò ayédèrú ń fi jẹun.

Bí ọmọ bá ti rà á délé, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wo inú ihò rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Bí irin bá ń tàn nínú ibẹ̀, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ewé kábọ́ọ̀nù kan wé ni wọ́n tà fún un. Bí inú rẹ̀ bá rí jákujàku, tí gọ́ọ̀mù dì sójú kan, tí ewé ká kò, ẹ má jẹ́ kó gùn ún. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n kọ sí ojú ìpolówó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi owó irin kan máa kàn án díẹ̀díẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ìró tó dún gbangba níbi gbogbo dára. Ibi tí ìró bá ti kú, bí ẹni kan pákó tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, ìfura wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò yìí lè dá ohun tí kò dára lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́rìí pé ohun tó dára dára.

Dídì í mọ́ kẹ̀kẹ́ gba sùúrù. Ọ̀pọ̀ kábọ́ọ̀nù tó dára ló ti ọwọ́ sípánà kú, torí pé a ti mọ́ irin lára, à ń fi gbogbo agbára fún nọ́ọ̀tì. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ sára ohun èlò náà. Bí wọ́n bá kọ 5 Nm, ohun tó túmọ̀ sí ni agbára ẹrù kílò 5 tí a fi kọ́ orí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sípánà kan wà tó máa ń ta kọ́ bí ó bá ti dé iye náà. Kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dá owó ra ẹyọ kan. Gíríìsì kọ́ la fi ń pa á. Ohun pípa kan wà fún kábọ́ọ̀nù tó ní iyanrìn wẹ́wẹ́ nínú, kí ó má baà yọ̀ láìjẹ́ pé a fún un le. Nígbà òjò, ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó jáde kí ẹ nù ún, nítorí bí òógùn àti omi bá wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti alumíníọ̀mù, alumíníọ̀mù á jẹrà, ọ̀pá á sì há síbẹ̀.

Ó ku ti tòkunbọ̀. Kábọ́ọ̀nù tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ṣubú rí lè dán bí tuntun. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń tà á, ẹ mọ ìtàn òkìtì oúnjẹ tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ̀ lọ́jà, tí òkè rẹ̀ gbẹ, tí ọwọ́ sì kan ọ̀rinrin nínú rẹ̀. Ẹ mọ ohun tó sọ fún ẹni tó ni ọjà. Kábọ́ọ̀nù tí fáníìṣì bo ibi tó sán kò yàtọ̀ sí òkìtì yẹn. Dandan ni kí olùtà sọ pé kẹ̀kẹ́ yìí ti ṣubú rí, bí ó bá mọ̀. Bí ó bá fi pamọ́, ẹni tó rà á lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà kó sì gba owó rẹ̀. Bí olùtà bá sì ní òun kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tí ẹ bá ti fura sí, ẹ má jù ú sórí ààtàn ní odidi. Àwọn ọmọ tó ń ṣa irin á mú un, wọ́n á nù ún, yóò sì padà sọ́jà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi ayùn gé e sí méjì. Kí ẹ da omi sí i bí ẹ ṣe ń gé e, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú, nítorí pé eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.